Kókó wà nínú ẹ̀dọ̀ bàbá wa: ṣé kí wọ́n fi kámẹ́rà ṣe é ni, àbí kí wọ́n la ikùn?

Àbíkẹ́yìn_Mọ́kọ́lá
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ìmọ̀ràn. Bàbá wa, ẹni ọdún 58, ń sọ pé òkè ikùn ń ro àwọn, la bá ní kí wọ́n lọ ya scan. Scan ní kókó kan wà ní apá òsì ẹ̀dọ̀ wọn, pé ó tó sẹ̀ǹtímítà 4. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé hepatitis B, kòkòrò àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, wà lára wọn, ṣùgbọ́n wọn kò lo oògùn kankan sí i. Dókítà àkọ́kọ́ ní àfi kí wọ́n la ikùn wọn. Ti ilé ìwòsàn kejì ní ó ṣeé fi kámẹ́rà ṣe, pé ihò kéékèèké ni àwọn máa dá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ti oníhò lòun fara mọ́. Màmá wa ní kò sẹ́ni tó máa fi abẹ kan bàbá àwọn ọmọ òun. Èmi tí mo kéré jù ni wọ́n ní kí n lọ wádìí. Ta ló ti gba ọ̀nà yìí kọjá?

Ìyá_Ìbejì_Ṣágámù
Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ọlọ́run á wo bàbá sàn. Ṣé ojú wọn kò pọ́n? Ṣé ìtọ̀ wọn kò dúdú? Ẹsẹ̀ àti ikùn ńkọ́, ṣé wọn kò wú?

Àbíkẹ́yìn_Mọ́kọ́lá
Rárá mà. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọ́n kàn rù díẹ̀ ni. Ẹ ṣé mà.

Bàbá_Lab_Abẹ́òkúta
Ẹ jẹ́ ká fi ihò àti ojú abẹ sílẹ̀ ná. Scan lásán kò lè sọ fún yín pé jẹjẹrẹ ni, gbogbo kókó inú ẹ̀dọ̀ kọ́ ló sì jẹ́ jẹjẹrẹ. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ta kókó jọ, haemangioma ni wọ́n ń pè é. Ẹlòmíràn á gbé e kiri títí á fi darúgbó, kò ní ṣe é ní nǹkan kan, kò sì sí ìdí tí wọ́n fi máa gé e. Eéwo náà máa ń mú ẹ̀dọ̀, pàápàá eyí tí kòkòrò amoeba ń fà. Ara onítọ̀hún á máa gbóná, oògùn metronidazole ló sì ń pa á. Bó bá tóbi, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fa ọyún rẹ̀ jáde. Mo rí ìdílé kan tó ti fẹ́ ta ilẹ̀ torí ohun tí wọ́n pè ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Nígbà tí wọ́n máa fa inú kókó náà wò, ọyún pupa rẹ́súrẹ́sú ló dà sínú ike.

Ṣùgbọ́n ti bàbá yín gba ìfura, torí hepatitis B tó wà níbẹ̀. Kòkòrò yẹn ló wà nídìí púpọ̀ nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tí à ń rí nílẹ̀ wa, òun àti májèlé aflatoxin tó máa ń wà nínú ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti bu. Ẹ ní kí wọ́n ṣe CT scan tí wọ́n ń ta oògùn sí iṣan fún, tí wọ́n máa ya ẹ̀dọ̀ ní ìpele mẹ́ta. Jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń tètè mu oògùn yẹn, á tàn yòò, kó tó di ìpele tó gbẹ̀yìn á ti ṣókùnkùn ju ẹ̀dọ̀ tó yí i ká lọ. Ẹni tó mọ àwòrán kà á rí i. Kí wọ́n fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ AFP kún un, àmọ́ bí AFP kò bá ga, ẹ má tíì máa jó o. Jẹjẹrẹ lè wà kí AFP má ga.

Ẹni tó bá sì fẹ́ sáré fi abẹ́rẹ́ já díẹ̀ nínú kókó náà fún àyẹ̀wò, ẹ bi í léèrè ìdí. Bí àwòrán bá ti sọ ọ́ kedere lára ẹni tí hepatitis ti ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́, wọ́n sábà máa ń yẹra fún un, torí ẹ̀jẹ̀ lè máa dà, kókó náà sì lè gba ojú abẹ́rẹ́ ràn.

Àgbo_Nìkan_Ṣoṣo
Gbogbo èyí kò le tó báyẹn. Àgbo kan wà tó ń fọ ẹ̀dọ̀ mọ́ tónítóní láìla ẹnikẹ́ni. Ẹ wá bá mi ní inbox.

Bàbá_Lab_Abẹ́òkúta
Ọ̀gá, ẹ dákun. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo ohun tá a bá gbé mì, àgbo náà sì wà lára rẹ̀. Èyí tó ń ṣàìsàn lẹ tún fẹ́ di ẹrù rù yẹn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí ráyè.

Alábòójútó
A ti yọ nọ́ńbà fóònù kúrò nínú ọ̀rọ̀ òkè yẹn. A kì í polówó oògùn níbí.

Nọ́ọ̀sì_Tíátà
Èmi ni mo máa ń na irin sí àwọn oníṣẹ́ abẹ ní tíátà, nítorí náà ohun tí ojú mi ń rí ni màá sọ.

Oorun àsùnwọra ni wọ́n máa fi bàbá sùn, kì í ṣe abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn. Wọ́n á dá ihò àkọ́kọ́ lẹ́bàá ìdodo, wọ́n á fi gáàsì carbon dioxide fẹ́ ikùn kí àyè lè wà láàárín awọ ikùn àti ẹ̀dọ̀. Ìdí tó fi jẹ́ gáàsì yẹn ni pé kì í gbiná, iná mànàmáná la sì fi ń jó ojú iṣan nínú lọ́hùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ náà tún máa ń tètè gbé e lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, aláìsàn á sì mí i síta. Bí kámẹ́rà bá ti wọlé, ẹ̀dọ̀ á gba gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n. Eyí tó dá ṣáṣá máa ń dán, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á mú. Èyí tí hepatitis ti jẹ fún ọdún púpọ̀ á rí gbágungbàgun, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ní mú mọ́, dókítà á kàn mí kanlẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á tún dá ihò bíi mẹ́rin sí i. Eyí tó tóbi jù nínú wọn kì í sábà ju mìlímítà 12 lọ.

Ọwọ́ kò lè wọlé lọ tẹ ẹ̀dọ̀ wò, nítorí náà a ní ultrasound kékeré kan tá a máa ń ti bọ inú ikùn, tí wọ́n á fi rìn lórí ẹ̀dọ̀ kí wọ́n lè mọ ibi tí kókó pin sí àti ibi tí àwọn iṣan ńlá gbà. Wọ́n á tún fi okùn rọ́bà yí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ ẹ̀dọ̀ ká, kí wọ́n lè fún un pa fún ìṣẹ́jú díẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ bá fẹ́ pọ̀. Ọgbọ́n àtijọ́ nìyẹn. Pringle, oníṣẹ́ abẹ kan ní Glasgow, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1908, àwọn tó fara pa ní ẹ̀dọ̀ ló sì tìtorí wọn ṣe é.

Bí wọ́n bá gé e tán, inú àpò kan ni wọ́n máa kó o sí nínú ikùn níbẹ̀, kí ohunkóhun má baà já sílẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹbí kì í ronú dé. Kókó sẹ̀ǹtímítà 4 pẹ̀lú ẹ̀dọ̀ tó yí i ká kò lè gba ihò mìlímítà 12 jáde. Wọ́n á la ojú kan nísàlẹ̀ ikùn, níbi tí pátá ń bò, wọ́n á gba ibẹ̀ fà á yọ. Nítorí náà bàbá á ní àpá, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ lábẹ́ ìhà, níbi tó máa ń dun èèyàn bó bá mí, bó bá wúkọ́, bó bá rẹ́rìn-ín.

Ẹ bá mi béèrè nípa iná o. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tẹlifíṣọ̀n á ṣú, gbogbo wa á dúró gbagidi pẹ̀lú irin nínú ikùn èèyàn. Ẹ béèrè bóyá inverter wà lára ẹ̀rọ kámẹ́rà tó máa gbé e títí jẹnẹrétọ̀ á fi gbà á. Ẹ má tijú béèrè.

Rẹ́sídẹ́ǹtì_Oníṣẹ́Abẹ
Nọ́ọ̀sì ti ṣe iṣẹ́ mi tán. Màá kàn fi ibi tí ìpinnu wà kún un.

Ojú ibi tí kókó wà ló ń sọ bóyá kámẹ́rà yẹ ẹ́. Claude Couinaud, ará Faransé, ló pín ẹ̀dọ̀ sí ìpín 8 ní 1957, nọ́ńbà rẹ̀ la sì ń lò títí dòní. Ìpín 2 àti 3, ní apá òsì, ló rọrùn jù. Ìpín 7 àti 8 wà lókè lẹ́yìn, lábẹ́ egungun ìhà, wọ́n sún mọ́ iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sínú ọkàn. Irin kì í fẹ́ débẹ̀, bí iṣan bá sì ya níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Nígbà tí àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ yìí pàdé ní Louisville, ní Amẹ́ríkà, ní 2008, ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé kókó kan ṣoṣo, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, tó wà láàárín ìpín 2 sí 6, ló bá kámẹ́rà mu jù. Ohun tí o kọ nípa bàbá bọ́ sínú rẹ̀, bí CT bá jẹ́rìí sí i. Láti ìgbà náà wọ́n ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ láwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ní gbogbo ìgbà ni.

Kí ẹ̀gbọ́n rẹ má rò pé ihò kéékèèké ń wo jẹjẹrẹ sàn ju líla lọ. Ní Oslo, wọ́n fi kèké pín èèyàn 280 sí méjì, àwọn tí jẹjẹrẹ ìfun ńlá ti ràn dé ẹ̀dọ̀ wọn. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018. Nínú 100 àwọn tí wọ́n là, 31 ní wàhálà kan tàbí òmíràn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Nínú 100 ti kámẹ́rà, 19 ni. Wákàtí 53 làwọn ti kámẹ́rà lò nílé ìwòsàn, àwọn yòókù lo 96. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wò wọ́n lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ̀mí ìhà méjèèjì gùn bákan náà. Oríṣi jẹjẹrẹ yẹn kọ́ ni a ń fura sí lára bàbá, àmọ́ ohun kan náà ni èmi ń rí: ìrora ló ń dín kù, èèyàn á tètè dìde, iṣẹ́ tó wà nínú ikùn kò yí padà.

Ohun tó ń kó mi lọ́kàn sókè ju ihò lọ ni ẹ̀dọ̀ tó máa ṣẹ́ kù. Ẹ̀dọ̀ máa ń hù padà, òótọ́ ni. Ẹni tí tirẹ̀ dá ṣáṣá lè fi ìdá 20 nínú 100 gbé e títí èyí tó kù á fi hù. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le, tó ti di àpá, à ń fẹ́ kí bíi 40 nínú 100 ṣẹ́ kù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa wo bilirubin, albumin, INR àti platelet, àwọn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ bí ẹ̀dọ̀ ṣe rí, kí wọ́n tó dá ọjọ́. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti bàjẹ́ jù, àti kámẹ́rà àti líla, kò sí èyí tó yẹ nínú méjèèjì. A ó wá ọ̀nà mìíràn, bíi abẹ́rẹ́ oníná tí wọ́n fi ń jó kókó tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ nílẹ̀ òkèèrè fún ẹni tí apá rẹ̀ ká a.

Bẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà kejì yẹn, ẹ bi í pé irú èyí mélòó ló ti ṣe, kì í ṣe ti àpò òróòro. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní Ìbàdàn, ní Èkó, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi kámẹ́rà yọ àpò òróòro àti appendix. Ẹ̀dọ̀ le ju ìyẹn lọ, kò sí àrífín nínú kí ẹ béèrè. Ẹ tún béèrè pé bí ẹ̀jẹ̀ bá dà, ta ló máa la ikùn lójú ẹsẹ̀. Dókítà tó bá ní òun kò ní la á láéláé, ẹ dìde, ẹ kí i, ẹ máa lọ.

Àbíkẹ́yìn_Mọ́kọ́lá
Ẹ ṣeun gan-an sà. Ṣé bí wọ́n bá wá la ikùn lẹ́yìn tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà, ṣé ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti ba iṣẹ́ jẹ́ ni?

Rẹ́sídẹ́ǹtì_Oníṣẹ́Abẹ
Rárá o. Bí mo bá rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń dí mi lójú, tàbí pé n kò lè rí ẹ̀gbẹ́ kókó dáadáa, ó yẹ kí n là á. Ẹni tó ń fi agídí tẹ̀ síwájú nítorí ihò kéékèèké ló ń pààyàn. Ẹ buwọ́ lùwé fún méjèèjì kí wọ́n tó wọlé, kí ẹ sì jẹ́ kí màmá náà mọ̀ ṣáájú, kí wọ́n má baà figbe ta nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Lọ́ndọ̀nù
Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ fún èmi náà níbí, kókó tí wọ́n ń pè ní adenoma ni, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ohun tí wọn kò tẹnu mọ́ fún mi tó ni èjìká. Mo jí, ikùn kò dùn mí púpọ̀, èjìká ọ̀tún ni mò ń dì mú. Mo ní kí wọ́n wò ó bóyá wọ́n gbé mi ṣubú ní tíátà. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní gáàsì tó ṣẹ́ kù ló ń yọ awọ tó wà láàárín àyà àti ikùn lẹ́nu, pé iṣan tó ń gbọ́ ìrora níbẹ̀ bá ti èjìká tan. Mo dìde rìn, mo ń lọ mo ń bọ̀ ní wọ́ọ̀dù, ó sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ sọ fún bàbá ṣáájú kí wọ́n má baà rò pé ọkàn ló fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ilé sì ni wàhálà wà. Nítorí pé àpá kò pọ̀, gbogbo ayé ló rò pé ara mi ti dá. Ọmọ àbúrò mi ní kí n gbé òun pọ̀n! Ẹ̀dọ̀ tí wọ́n gé wà nínú lọ́hùn-ún, ojú ò tó o. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iye tí dókítà bá dá. Bí ibà bá dé, bí ojú bá pọ́n, bí ikùn bá ń wú tàbí tí omi aláwọ̀ ewé bá ń gba ojú egbò jáde, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn. Òróòro lè máa jò.

Káfíńtà_Ìkìrun
Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Àbúrò mi ṣubú lórí ọ̀kadà láàárọ̀ yìí, ẹnu ọwọ́ ọ̀kadà gún un níkùn. Kò sí ojú egbò, àmì róbótó kan ló wà lókè ìdodo rẹ̀. Ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ó kàn ní ikùn ń dun òun. Ṣé kámẹ́rà tí ẹ ń sọ yìí la máa ní kí wọ́n fi wò ó?

Nọ́ọ̀sì_Tíátà
Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn báyìí, kí ẹ tó ka èyí tó kù. Kó má jẹun, kó má mu àgbo, kí ẹnikẹ́ni má fi òróró tàbí omi gbígbóná wọ́ ikùn rẹ̀. Ẹ lọ.

Rẹ́sídẹ́ǹtì_Oníṣẹ́Abẹ
Mo fara mọ́ ọn. Àmì róbótó yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹnu ọwọ́ ọ̀kadà kéré, gbogbo agbára ìṣubú á para pọ̀ sójú kan, á tẹ ìfun tàbí pancreas (ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpòlúkù) mọ́ egungun ẹ̀yìn. Onítọ̀hún lè máa rìn ní ọjọ́ kìíní, kí ìfun tó ya bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kejì.

Fún ẹ̀yin tó kù tẹ́ ẹ ń kà: ọ̀rọ̀ kámẹ́rà nínú ìfarapa yàtọ̀ pátápátá sí ti kókó. Ohun àkọ́kọ́ tá à ń wò ni bóyá ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún ṣì ń yí dáadáa. Bí òógùn tútù bá ń bò ó, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀, tí ọkàn ń sáré, tí scan sì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ikùn, kò sẹ́ni tó máa wá kámẹ́rà. Líla ni, kíákíá. Gáàsì tá a máa fi fẹ́ ikùn á tún dí ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sọ́kàn lọ́wọ́, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀ kò sì lè fara da ìyẹn. Bí awọ tó pín àyà níyà sí ikùn bá ti ya, gáàsì lè gba ibẹ̀ lọ fún ẹ̀dọ̀fóró pa.

Ẹni tí ara rẹ̀ dúró ni kámẹ́rà wà fún. Ká sọ pé wọ́n gún un lọ́bẹ lábẹ́ ìhà òsì, ó jókòó, ìfúnpá rẹ̀ dára, CT kò rí nǹkan kan. A lè fi kámẹ́rà wọlé wo awọ yẹn bóyá ó ya, torí CT máa ń fojú fo ojú kékeré níbẹ̀, bí a bá sì fi í sílẹ̀, ìfun lè gba ibẹ̀ gòkè sínú àyà lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún. Bí ọ̀bẹ kò bá wọnú rárá, a ti gbà á lọ́wọ́ ojú abẹ ńlá tí kò wúlò nìyẹn.

Ẹ̀dọ̀ tó fara pa nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ńkọ́? Èyí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: bí ara onítọ̀hún bá dúró, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn la kì í gbé wọ tíátà rárá. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n máa wà, a ó máa wọn ìfúnpá, a ó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò léraléra, ẹ̀dọ̀ á sì dì fúnra rẹ̀. Ẹ má sọ pé a kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tó bá máa ṣe bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ àti oníṣẹ́ abẹ tó lè dé lọ́gànjọ́.

Ìyá_Ìbejì_Ṣágámù
Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń dẹ́mu já láti orí ọ̀pẹ nígbà kan, èjìká òsì ló ń pariwo, gbogbo wa ń fi òrí pa á. Spleen, ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ ìhà òsì, ló ti ya nínú.

Rẹ́sídẹ́ǹtì_Oníṣẹ́Abẹ
Ẹ kú ìrántí mà. Iṣan kan náà tí Ọmọ Ìjẹ̀bú sọ ni. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, gáàsì ló ń bí i nínú. Lẹ́yìn ìṣubú, ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹni tó bá já láti òkè tí èjìká òsì ń dùn, tí kò sì fi èjìká balẹ̀, ẹ wo ikùn rẹ̀.

Lọ́yà_Adúgbò
Ẹ jẹ́ kí n fi ti òfin kún un. Tó bá jẹ́ ọta ìbọn, òfin 2017 ní Nàìjíríà sọ pé ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ tọ́jú onítọ̀hún, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o, kò sì gbọ́dọ̀ béèrè owó ṣáájú kó tó fọwọ́ kàn án. Ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ló máa sọ fún ọlọ́pàá. Ti ìjàǹbá yòókù, òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014 ti ní kí ẹnikẹ́ni má kọ aláìsàn pàjáwìrì. Wọ́n lé aládùúgbò mi kan níbì kan lálẹ́, orúkọ òfin yìí la fi mú nọ́ọ̀sì àgbà wá sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ pè é, ó ń ṣiṣẹ́ ju ariwo lọ. Bẹ́ ẹ bá wà lójú títì, ẹ pe FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ní 122.

Nọ́ọ̀sì_Tíátà
Bí ọ̀bẹ bá ṣì wà lára, ẹ má fà á yọ. Bí ìfun bá yọ síta, ẹ má tì í padà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ fi omi mímọ́ rẹ bò ó.

Káfíńtà_Ìkìrun
Mo ti padà dé. Ẹ ṣé o, ẹ ṣé. Scan àkọ́kọ́ kò rí nǹkan kan, wọ́n ní kó sùn lọ́dọ̀ àwọn. Kó tó di òru, ikùn rẹ̀ le bíi pákó, ibà gorí rẹ̀. Wọ́n là á, ìfun ti ya lójú kan, wọ́n rán an. Mo bi dókítà nípa kámẹ́rà, ó ní òun lè fi wò ó, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ti tú sínú, òun fẹ́ fọwọ́ yẹ gbogbo ìfun wò láti òkè délẹ̀. Ó ti ń só, wọ́n ní ó dáa.

Ọlọ́jà_Dùgbẹ̀
Ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n, ẹ kò tíì sọ̀rọ̀ owó. Ti kámẹ́rà máa ń wọ́n torí àwọn irin kan tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan dànù, pàápàá èyí tó ń gé tó sì ń dí iṣan pọ̀. Wọ́n sọ iye kan fún wa nígbà tiwa, lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ wọ́n tún ní kí n sáré lọ ra méjì sí i. Ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú iye tó máa jẹ́ bí wọ́n bá là á àti iye ọjọ́ ICU, yàrá ìtọ́jú àkànṣe. Bí bàbá bá ní ìwé adójútòfò ìlera, ti ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀, ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó dá ọjọ́. Ẹ sì kó àwọn tó máa fún wọn lẹ́jẹ̀ lọ ṣáájú. Àwọn ọmọ ìjọ tó bá ṣèlérí, ẹ máa pè wọ́n lójoojúmọ́.

Bàbá_Lab_Abẹ́òkúta
Àbíkẹ́yìn, ẹ̀yin ọmọ àti màmá, ṣé ẹ ti yẹ ara yín wò fún hepatitis B? Ọdún 2004 ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kún ti àwọn ọmọ ọwọ́ ní Nàìjíríà. Bí wọ́n bá ti bí yín ṣáájú ìgbà yẹn, ó ṣeé ṣe kí ẹ má gbà á. Ẹni tí kò bá ní in, kó gba abẹ́rẹ́ mẹ́ta: lónìí, lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹni tó bá ní in, kó rí dókítà ẹ̀dọ̀, wọ́n á sọ bóyá scan oṣù mẹ́fà-mẹ́fà kàn án.

Àbíkẹ́yìn_Mọ́kọ́lá
Ẹ kú àánú mi o. CT ti jáde. Ìpín 3 ló wà, ó ṣe bíi jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ̀dọ̀, kò tíì wọnú iṣan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ẹ̀dọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Dókítà náà kò bínú sí ìbéèrè wa, ó sọ iye tó ti ṣe, ó ní ọ̀gá òun kan máa wà níbẹ̀. Inverter wà. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tenofovir, oògùn hepatitis B, fún bàbá. Màmá gbọ́ èyí tí Ọmọ Ìjẹ̀bú kọ nípa èjìká, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó dáa, kí wọ́n lọ ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi kan ti yẹ ara rẹ̀ wò, ó ní hepatitis náà. Kí ni ká dì dání lọ́jọ́ yẹn?

Nọ́ọ̀sì_Tíátà
CD tí CT wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ìwé àbájáde nìkan. Oníṣẹ́ abẹ máa fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ wò ó ní tíátà. Tenofovir bàbá, ẹ kó o dání, wọn kò gbọ́dọ̀ dá a dúró láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀, àní lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Bí wọ́n bá ń lo aspirin tàbí àgbo kankan, ẹ sọ ọ́ ní báyìí, ẹ má dúró di àárọ̀ ọjọ́ náà. Aṣọ tó tú, torí ikùn á ṣì wú díẹ̀. Sálúbàtà tí kì í yọ̀, wọ́n máa fẹ́ kí wọ́n rìn kó tó di ọjọ́ kejì.

Rẹ́sídẹ́ǹtì_Oníṣẹ́Abẹ
Kí ẹ̀gbọ́n yẹn sì ya scan ẹ̀dọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó má dúró de ti bàbá.